Roger Casement: Ọmọ Dublin tí Ó Tú Àṣírí Rọ́bà

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Yorùbá, ìtàn tí a fẹ́ kà yìí bẹ̀rẹ̀ ní Dublin, olú-ìlú ilẹ̀ Ireland, ó sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀, yóò gbé wa dé Liverpool, Calabar, Kóńgò, igbó Amazon àti Lọ́ńdọ̀nù. Ìtàn Roger Casement ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni fún nǹkan bí ogún ọdún. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀ ni bí ó ṣe tú àṣírí àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ìjọba bojú, àti ti ìjọba tí ó ń fi ilé-iṣẹ́ bojú.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìbéèrè kan sọ́kàn. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá forúkọ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè kejì, tí ó sì ń ta ọjà rẹ̀ ní ẹ̀kẹta, ta ni ó lè bi í léèrè ohun tí ó ṣe? Gbogbo ọ̀nà tí Casement rìn ni ó fi ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí.

Ọmọ òrukàn

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1864 ni wọ́n bí Roger Casement ní Sandycove, àdúgbò kan létí òkun ní ìhà gúúsù Dublin. Nígbà náà, Ireland kò tíì dá dúró. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà. Baba rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì rí, ọmọ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì sì ni. Inú ìjọ Àgùdà ni ìyá rẹ̀ ti wá. Ìjọ Kátólíìkì ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tí wọ́n ti Bràsíl padà sí Èkó, tí à ń pè ní Àgùdà, wà lára àwọn ọmọ ìjọ náà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Nígbà tí Roger wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ìyá rẹ̀ mú un lọ ṣe ìrìbọmi nínú ìjọ Àgùdà ní ìkọ̀kọ̀, ní ìlú Rhyl ní Wales. Bí ọmọ náà ṣe dàgbà sínú ìjọ méjì nìyẹn, tí ó sì dàgbà sínú ìlú tí ó ní olówó orí méjì: Ireland tí í ṣe ilé rẹ̀, àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí í ṣe ọ̀gá.

Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, baba náà ti kú. Ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kú ní kékeré ni Yorùbá ń pè ní ọmọ òrukàn. Àwọn ẹbí baba rẹ̀ ní Antrim, ní àríwá Ireland, ni wọ́n tọ́ ọ. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì kọjá sí Liverpool níbi tí àbúrò ìyá rẹ̀ ń gbé. Ó rí iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Elder Dempster.

Bí ẹ bá bá àwọn àgbàlagbà Èkó sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò mọ orúkọ Elder Dempster. Kí ọkọ̀ òfurufú tó wọ́pọ̀, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wọ̀ láti Apápá lọ kàwé ní ìlú ọba. Ní ayé Casement, epo pupa, ekuro, eyín erin àti rọ́bà ni ọkọ̀ wọ̀nyí ń kó láti Áfíríkà. Ní 1883, ilé-iṣẹ́ náà fi í sínú ọkọ̀ kan tí ó ń lọ sí Áfíríkà, kí ó máa mójú tó owó àti ẹrù. Ilẹ̀ náà wọ̀ ọ́ lójú. Ní ọdún kejì, ó gba iṣẹ́ ní Kóńgò.

Táyà kẹ̀kẹ́ ní Dublin

Kí a tó tẹ̀lé e lọ sí Kóńgò, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní Dublin, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn okùnfà ìtàn yìí wà.

Ní 1888, dókítà ẹranko kan ní Belfast, John Boyd Dunlop, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí táyà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú. Kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe é fún, kí ó má baà máa gbọ̀n ọ́n lórí òkúta. Ní 1889, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Stephen Street, ní àárín Dublin, láti máa ṣe táyà náà tà. Láìpẹ́, gbogbo ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ó ń fẹ́ táyà alátẹ́gùn. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé, òun náà sì ń fẹ́ táyà. Àwọn tí wọ́n mọ Ìkẹjà dáadáa yóò rántí pé Dunlop ní ilé-iṣẹ́ táyà ńlá níbẹ̀ títí di nǹkan bí ọdún 2008.

Rọ́bà ni a fi ń ṣe táyà, rọ́bà kì í sì í hù ní Ireland. Nígbà náà, oko rọ́bà ńláńlá ti Éṣíà kò tíì so èso. Inú igbó ni wọ́n ti ń rí púpọ̀ jùlọ nínú rẹ̀: igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà, àti igbó Áfíríkà. Ní àyíká ọdún 1895, Èkó pàápàá ń kó rọ́bà púpọ̀ ránṣẹ́ sókè òkun, títí àwọn tí ń kọ igi fi kọ ọ̀pọ̀ igi pa. Ní Kóńgò, ara ìtàkùn ni wọ́n ti ń gba oje rọ́bà. Bí owó rọ́bà ti ń gòkè ní Yúróòpù ni ìyà ń gòkè nínú igbó. Ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Dublin kò rí igbó náà, ẹni tí ó wà nínú igbó kò sì rí kẹ̀kẹ́ rí.

Ìjọba tí ó tún jẹ́ oníṣòwò

Ní 1884 sí 1885, àwọn ìjọba Yúróòpù pàdé ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n sì ṣe àdéhùn lórí Áfíríkà. Kò sí ọmọ Áfíríkà kankan tí ó jókòó níbẹ̀ dá sí i. Lẹ́yìn ìpàdé náà, Kóńgò di ti Leopold kejì, ọba Bẹ́ljíọ̀m. Ẹ kíyè sí èyí: kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m, ti ọba náà fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n pe ilẹ̀ náà ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Kóńgò. Leopold kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ títí ó fi kú.

Nínú àdéhùn Berlin, àwọn ìjọba náà ṣèlérí pé òwò yóò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní Kóńgò, àti pé wọn yóò tọ́jú àwọn ọmọ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n Leopold kéde pé gbogbo ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé tàbí dáko sí jẹ́ ti ìjọba, àti ohun gbogbo tí ó bá hù lórí rẹ̀. Ó wá pín apá kan nínú igbó náà fún àwọn ilé-iṣẹ́. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni ABIR. Ìjọba Kóńgò ló ni ìdajì ìpín nínú ilé-iṣẹ́ yìí. Ìjọba fún un ní ilẹ̀, ó fún un ní agbára láti fi ènìyàn sí àtìmọ́lé, lẹ́yìn náà ó bá a pín èrè. Nígbà tí adájọ́ bá ń bá ẹni tí a fẹ̀sùn kàn pín ọjà, níbo ni ẹni tí wọ́n jà lólè yóò gbé ẹjọ́ lọ?

Casement ṣiṣẹ́ ní Kóńgò ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba yìí, kí wàhálà rọ́bà tó le. Ní 1892, ó bọ́ sí iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà. Calabar ni ibùdó rẹ̀, ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta ní agbègbè náà. Níbẹ̀ pẹ̀lú, kò jìnnà sí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ìjọba. Lórí odò Ọya, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Niger, Royal Niger Company ti George Goldie ni ó ń pàṣẹ. Láti 1886 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fún un ní ìwé àṣẹ. Ó ní ọmọ ogun, ó ní ilé ẹjọ́, ó sì ń gba owó ibodè. Ó fi owó ibodè yìí dí ọ̀nà ọjà mọ́ àwọn ará Nembe, títí wọ́n fi kọlu ibùdó rẹ̀ ní Akassa ní oṣù Kìíní ọdún 1895. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yìí ní 1900, ó san £865,000 fún un. Ẹ rò ó wò: ilé-iṣẹ́ ni wọ́n sanwó fún, kì í ṣe àwọn tí ó ni ilẹ̀.

Ìrìn àjò ọdún 1903

Láti 1895 ni Casement ti di kọ́ńsúlù. Kọ́ńsúlù ni ẹni tí ìjọba rán lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láti máa mójú tó òwò àti àlàáfíà àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ tí wọ́n wà níbẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ yìí ní ìlú mélòó kan ní Áfíríkà kí wọ́n tó gbé e padà sí Kóńgò ní 1900.

Ní àkókò yìí, ìròyìn burúkú ń jáde láti Kóńgò. Àwọn míṣọ́nnárì ń kọ lẹ́tà sílé. Ní Liverpool, akọ̀wé mìíràn ní Elder Dempster, Edmund Morel, kíyè sí ohun kan nínú ìwé ẹrù ọkọ̀. Rọ́bà àti eyín erin púpọ̀ ni ó ń bọ̀ láti Kóńgò. Ìbọn àti ọta ni ó pọ̀ nínú ohun tí ó ń lọ. Níbi tí òwò bá wà, ọjà a máa lọ, ọjà a sì máa bọ̀. Morel mọ̀ pé èyí kì í ṣe òwò, ìfipágbà ni. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Alfred Jones, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, ni ó tún jẹ́ kọ́ńsúlù Leopold ní Liverpool.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1903, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ní kí ìjọba wádìí ọ̀rọ̀ náà. Agbára wo ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní lórí ilẹ̀ Leopold? Àdéhùn Berlin ni wọ́n rí dì mú. Bí Leopold bá ti ba àdéhùn jẹ́, àwọn tí wọ́n bá a fọwọ́ sí i lè bi í.

Casement bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀ sí òkè odò Kóńgò ní oṣù Kẹfà. Ó mọ̀ pé bí òun bá wọ ọkọ̀ ìjọba tàbí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́, ibi tí wọ́n bá fẹ́ kí òun rí nìkan ni wọn yóò gbé òun dé. Nítorí náà, ó háyà ọkọ̀ kékeré kan lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà, ó sì ń dúró níbi tí ó wù ú. Ó ti dé apá kan nínú agbègbè yìí ní 1887, nítorí náà ó ní ohun tí ó lè fi wé ohun tí ó ń rí. Níbi tí ó ti rí ìlú tí ó kún fún ènìyàn nígbà náà, ó bá ahoro. Àwọn kan ti kú, àwọn kan ti sá wọ igbó.

Ó béèrè ìdí, ó sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ń bu iye rọ́bà tí ìlú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú wá. Bí ó bá dín, àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò na àwọn ọkùnrin, tàbí kí wọ́n mú àwọn obìnrin, kí wọ́n fi wọ́n dógò títí rọ́bà yóò fi pé. Bí ìlú bá kọ̀, ìbọn ni. Àwọn ọ̀gá sì ń fẹ́ mọ bí ẹ̀ṣọ́ ṣe lo ọta tí wọ́n fún un. Àwọn ẹ̀ṣọ́ a máa gé ọwọ́ ènìyàn wá fi jẹ́rìí pé àwọn kò fi ọta ṣòfò. Nígbà mìíràn, alààyè ni wọ́n gé lọ́wọ́. Casement rí àwọn tí wọ́n gé lọ́wọ́, ó sì rí ọmọdé láàárín wọn.

Kì í ṣe ìbínú nìkan ni ó fi kọ ìjábọ̀ rẹ̀. Ó kọ orúkọ ìlú, iye agbọ̀n rọ́bà, iye ọjọ́ tí ó ń gbà wọ́n láti wá a nínú igbó, àti ohun kékeré tí wọ́n ń san fún wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìjábọ̀ náà jáde ní oṣù Kejì ọdún 1904, ṣùgbọ́n ó yọ orúkọ àwọn ènìyàn àti ìlú kúrò, ó fi lẹ́tà A, B, D rọ́pò wọn. Inú bí Casement gidigidi, nítorí ìròyìn tí kò lórúkọ kò ṣòro fún ọ̀tá láti sẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, Morel, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Casement, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa jà fún àwọn ará Kóńgò. Leopold fúnra rẹ̀ yan ìgbìmọ̀ láti wádìí, ìgbìmọ̀ náà sì rí i pé òótọ́ ni ọ̀pọ̀ ohun tí Casement sọ. Ní 1908, Bẹ́ljíọ̀m gba Kóńgò kúrò lọ́wọ́ ọba rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù nínú igbó Amazon

Láti 1906, Casement di kọ́ńsúlù ní Bràsíl. Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí ọ̀ràn rọ́bà mìíràn dé.

Odò kan wà tí ń jẹ́ Putumayo, láàárín Perú àti Kòlóńbíà. Orílẹ̀-èdè méjèèjì ni ó ń sọ pé òun ló ni ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìjọba kankan kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Oníṣòwò rọ́bà kan, Julio César Arana, ọmọ Perú, ni ó ń jọba níbẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Witoto, Bora àti Andoke ni wọ́n ń fipá mú ṣiṣẹ́ fún un. Ní 1907, Arana forúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú £1,000,000 gẹ́gẹ́ bí owó ìdókòwò. Ó sọ ọ́ ní Peruvian Amazon Company, ó sì fi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ọlọ́lá sínú àwọn olùdarí rẹ̀. Orúkọ Lọ́ńdọ̀nù yìí ni ó fẹ́ fi fa owó àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ́ra.

Ní 1909, ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Walter Hardenburg, rí níbẹ̀. Ẹnu ya àwọn ènìyàn. Ìbéèrè wa tún padà dé: Perú ni igbó náà, ta ni ó lè bi ilé-iṣẹ́ náà? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí okùn méjì dì mú. Èkíní, Lọ́ńdọ̀nù ni ilé-iṣẹ́ náà ti forúkọ sílẹ̀. Èkejì, ó ti gba nǹkan bí igba ọkùnrin aláwọ̀ dúdú láti Barbados ṣiṣẹ́, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Barbados sì wà. Kọ́ńsúlù ní ẹ̀tọ́ láti lọ béèrè àlàáfíà wọn. Okùn tín-ín-rín ni, ṣùgbọ́n òun ni Casement tọ̀ dé inú igbó ní 1910.

Ó bá nǹkan bí ọgbọ̀n nínú àwọn ará Barbados sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó gbọ́ kò rọrùn láti gbọ́. Wọ́n ti na àwọn kan nínú wọn, gbèsè ilé ìtajà ilé-iṣẹ́ sì ti so wọ́n mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà jẹ́wọ́ pé àwọn ti fi ọwọ́ ara àwọn na ènìyàn, àwọn sì ti pa ènìyàn, nítorí ọ̀gá pàṣẹ. Casement kọ gbogbo rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn àwọn ọmọ onílẹ̀, ó rí àpá ẹgba. Ó rí àbà, igi tí wọ́n ń kàn mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ó gbé ẹrù rọ́bà sórí ìwọ̀n láti mọ ohun tí wọ́n ń dì ru ènìyàn tí ebi ń pa. Nínú ìṣirò tirẹ̀, rọ́bà tí ó jáde láti Putumayo láàárín ọdún méjìlá ti gba ẹ̀mí nǹkan bí 30,000 ènìyàn.

Ní 1911, ọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè Sir dá a lọ́lá. Ṣùgbọ́n ìjọba kò tètè tẹ ìjábọ̀ rẹ̀ jáde. Ó ní kí Perú kọ́kọ́ fi òfin mú àwọn ọ̀daràn. Perú fi ìwé ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n nígbà tí Casement padà dé Iquitos, àwọn tó ṣe ibi jù ti sá lọ. Oṣù Keje ọdún 1912 ni ìjábọ̀ náà tó jáde. Ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì pe àwọn olùdarí náà, ọ̀rọ̀ wọn sì ni pé àwọn kò mọ̀. Wọ́n tú ilé-iṣẹ́ náà ká. Ní ti Arana, kò sí ilé ẹjọ́ tí ó dá a lẹ́bi. Ó di aṣòfin àgbà ní Perú, ó sì pẹ́ láyé títí di 1952. Òfin Lọ́ńdọ̀nù lè pa orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó ẹni tí ó ni í.

Ọ̀rọ̀ ilé tirẹ̀

Ẹni tí ó bá ti ń wo bí wọ́n ṣe ń jẹ gàba lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn yóò wo ilẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú. Casement bẹ̀rẹ̀ sí í rí Ireland gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí àwọn àjèjì gbà lọ́wọ́ onílẹ̀. Ní 1913, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ó dara pọ̀ mọ́ Irish Volunteers, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dublin ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ó wà lára àwọn tí wọ́n ṣètò ìbọn tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé gúnlẹ̀ ní Howth, nítòsí Dublin, ní oṣù Keje ọdún 1914.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀, ó lọ sí Jámánì láti wá ìrànlọ́wọ́. Ó rọ àwọn ọmọ Ireland tí Jámánì mú lẹ́rú ogun pé kí wọ́n wá bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Díẹ̀ ni ó gbà. Jámánì fi ọkọ̀ kan gbé ìbọn ránṣẹ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì dá ọkọ̀ náà dúró. Casement fúnra rẹ̀ gúnlẹ̀ láti inú ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì sí etí òkun Banna, ní Kerry, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1916. Ọjọ́ Ẹtì Rere ni. Wọ́n mú un ní ọjọ́ náà gan-an. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, ìjà òmìnira bẹ́ sílẹ̀ ní àárín Dublin láìsí òun níbẹ̀.

Wọ́n ṣe ẹjọ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá a lẹ́bi pé ó dìtẹ̀ mọ́ ìjọba tí ó sìn. Wọ́n gba oyè Sir lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ńlá bíi Arthur Conan Doyle, òǹkọ̀wé tí ó ti bá wọn jà fún Kóńgò, bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má pa á. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá ń fi ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ han àwọn ènìyàn ní ìkọ̀kọ̀. Nínú rẹ̀, ó kọ nípa ìbálòpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, ohun tí òfin Gẹ̀ẹ́sì kà sí ọ̀ràn nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ dákẹ́. Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn ń jiyàn pé bóyá ayédèrú ni ìwé náà, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ọwọ́ ìkọ̀wé tí wọ́n ṣe ní 2002 fi hàn pé òun ló kọ ọ́. Ẹni tí ó fi àkọsílẹ̀ mú àwọn ẹlòmíràn, àkọsílẹ̀ ni wọ́n fi ti òun náà ṣubú. Wọ́n yẹgi fún un ní ẹ̀wọ̀n Pentonville ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1916. Kí ó tó kú, ó padà sínú ìjọ Àgùdà, ìjọ ìyá rẹ̀.

Ìpadàbọ̀ sí Dublin

Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sin ín sí. Ó tó nǹkan bí ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gbà kí wọ́n hú egungun rẹ̀ padà sílé, ní oṣù Kejì ọdún 1965. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tò kọjá níwájú pósí rẹ̀ ní Dublin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, wọ́n sin ín sí ìtẹ́ òkú Glasnevin. Éamon de Valera, ààrẹ Ireland, wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin tí ara rẹ̀ kò yá. Síbẹ̀, ìfẹ́ Casement kò ṣẹ tán: Murlough Bay ní Antrim ni ó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí, Antrim sì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì títí di òní.

Bí ẹ bá dé Dublin lónìí, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti àárín ìlú lọ sí Sandycove. Lójú ọ̀nà, ẹ ó kọjá nítòsí Grand Canal Dock. Níbẹ̀ ni Google ní ilé ńláńlá, òun àti àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn tí wọ́n ń ti Dublin bójú tó òwò wọn káàkiri Yúróòpù. Ireland ti di òmìnira, ó sì di ibi tí ilé-iṣẹ́ ńlá ayé ń forúkọ sílẹ̀ sí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti Àjọ Yúróòpù dájọ́ pé Apple gbọ́dọ̀ san owó orí tí ó tó bílíọ̀nù 13 yúrò fún Ireland. Ìjọba Ireland wà ní ẹ̀gbẹ́ Apple nínú ẹjọ́ náà. Ó ní òun kò fẹ́ owó náà. Owó orí kì í ṣe ẹ̀mí ènìyàn, ẹ má jẹ́ kí a fi méjèèjì wé ara wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nídìí wọn jọra: nígbà tí ìjọba àti ilé-iṣẹ́ bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, ta ni ó kù tí yóò béèrè?

Casement kò ní ọmọ ogun ní Kóńgò, kò sì ní ọlọ́pàá ní Putumayo. Ohun tí ó ní ni etí tí ó fi gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn sọ, àti ìwé tí ó kọ ọ́ sí. Ó máa ń kọ́kọ́ wá okùn kan tí ó so ilé-iṣẹ́ náà mọ́ ẹni tí ó lè bi í, ì báà ṣe àdéhùn, ì báà ṣe orúkọ tí ó fi sílẹ̀, ì báà ṣe òṣìṣẹ́ kan láti Barbados. Lẹ́yìn náà ni yóò tọ okùn náà dé ìdí.

Ẹ̀yin náà, ẹ mú ilé-iṣẹ́ kan tí ẹ mọ̀ ní ìlú yín, tí ó ń ṣòwò ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ẹ wádìí ibi tí ó forúkọ sílẹ̀ sí, ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà, àti ibi tí ó ti ń san owó orí. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí ní èdè Yorùbá, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì. Bí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ má ṣe fi lẹ́tà A, B, D rọ́pò orúkọ ìlú.